Bí Eéran Ṣe Ń Mí Lábẹ́ Omi

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi balẹ̀ gbì, kò bà lé ọba, kò bà lé ìjòyè. Orí Bẹ̀ẹ̀rẹ̀, koríko tí a fi ń bo ilé, ló bà lé, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Eéran, koríko tí màlúù ń jẹ.

Bàbá wọn kú, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sáà mọ̀ pé bí a bá ń pín ogún, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú. Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ mú orí òkè. Ó mú ẹsẹ̀ òkè. Ó tún mú pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọ̀kánjúwà! Àkùrọ̀ nìkan ló kù fún Eéran.

“Ẹ̀gbọ́n mi, omi máa ń dúró níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi á kú.”

“Ta ló ní kó o kẹ́yìn dé ayé?”

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, omi mu Eéran dé kókósẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi láàyè, omi dé!” Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ ní òun ń sùn.

Òjò kejì rọ̀, omi mù ún dé orúnkún. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi láàyè, omi dé!” Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ ní òun ń jẹun.

Òjò kẹta rọ̀, omi mù ún dé ọrùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún kígbe. Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ rẹ́rìn-ín! Ẹ gbọ́ o, ó rẹ́rìn-ín! Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n o!

Inú bí Eéran. “Ó tó gẹ́ẹ́! N ò ní bẹ̀ ẹ́ mọ́.” Ó ké pe Afẹ́fẹ́. “Bàbá Afẹ́fẹ́, èémí ò dé ẹsẹ̀ mi mọ́.”

Afẹ́fẹ́ ní, “N ò mọ omi í wẹ̀. Àfi kó o lanà fún mi nínú ara rẹ. Yóò sì dùn ọ́.”

Eéran gbẹ́ inú ara rẹ̀ láti ewé dé gbòǹgbò. Ó ń gbẹ́ ẹ, ó ń sunkún. Afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ omi. Àwọn ọmọ tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, òkè gbẹ. Àkùrọ̀ tutù yọ̀yọ̀, màlúù ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ni Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ tòun tàwọn ará ilé rẹ̀, kò tiẹ̀ tijú!

“Bọ́ síta. Ẹ̀gbọ́n ni mí, èmi ni mo ń kọ́kọ́ mú.”

“Ibi tí mo sin ọmọ sí, n ò ní kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ dúró.”

Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ dúró. Òjò dé, omi mù ún dé ọrùn. “Àbúrò mi, báwo lo ṣe ń mí?”

“Mo gbẹ́ inú ara mi nígbà tí ẹ ń rẹ́rìn-ín.”

Kí Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ tirẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà, ó sì kú. Àwọn ará ilé rẹ̀ sá padà sórí òkè.

Ìdí nìyí tí bẹ̀ẹ̀rẹ̀ kì í fi í gbé àkùrọ̀, tí koríko àkùrọ̀ bí eéran sì ní ihò nínú tó fi ń mí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ já ọ̀kan wò.