Omi Dé Ilé, Ọ̀rọ̀ Kù Sódò

Bí ará Ìdóyè bá rí ẹni tí ohun tuntun gbà lọ́kàn títí tó fi gbàgbé èèyàn rẹ̀, wọn a ní, "Omi dé ilé, ọ̀rọ̀ kù sódò." Àlejò a ronú títí: ta ló gbé ọ̀rọ̀ lọ sódò, kí ló sì dé tí kò bá omi wálé?

Ìyùnadé, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ìlú náà, ló lọ tó bọ̀ lọ́dọ̀ ìjọba títí omi ẹ̀rọ fi dé. Láti kékeré ló ti ń ru omi gun òkè. Ọrùn rẹ̀ kò sì gbàgbé. Lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ tú jáde ní àgbàlá kọ̀ọ̀kan, ijó ni gbogbo obìnrin ń jó. Màmá Àwẹ̀ró nìkan ló fọwọ́ lẹ́rán. Opó ni, ó ń dá gbé. Òun ló sì máa ń ṣáájú dé odò láràárọ̀, tí yóò jókòó lórí àpáta, tí yóò máa pa àlọ́ fún àwọn tó ń fọṣọ.

"Tíṣà, omi yín dára o," ni Màmá wí. "Ṣé yóò máa bi mí bóyá mo jí ire?"

"Màmá, ẹ̀rọ ò lẹ́nu."

"Ihò imú ló wá fi ń tú omi jáde ni?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Àsìkò ń lọ. Koríko bo ọ̀nà odò. Olúkúlùkù ti ilẹ̀kùn àgbàlá rẹ̀, ó ń pọnmi tirẹ̀. Ìyùnadé kò rántí ìgbà tó fojú kan Màmá gbẹ̀yìn. Ó kàn gbà pé àlàáfíà ló wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ dákẹ́. Àwọn obìnrin gbé korobá, wọ́n ń kùn lọ sódò. Wọn ò tíì bu omi tí ariwo fi sọ: ta ló bímọ, ta ló ń kọ́lé, ta ló sanra tí kò jẹ́ ká gbọ́? Ìyùnadé wo orí àpáta. Ó ṣófo.

"Màmá Àwẹ̀ró dà?"

"Mo rò pé wọ́n ń yà lọ́dọ̀ yín ni, Tíṣà."

"Èmi? Mo rò pé ọ̀dọ̀ rẹ ni!"

Kò sẹ́ni tó rí i. Ìyùnadé sọ korobá sílẹ̀, ó fi eré sí i.

Nílẹ̀ yàrá ló ti bá Màmá. Ó ti yọ̀ ṣubú láti àná, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ omi dúró lẹ́yìn fèrèsé. Ó ti ké títí, ohùn rẹ̀ ti há. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Dókítà ní díẹ̀ ló kù kí ẹ̀mí rẹ̀ bọ́.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, Ìyùnadé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Ẹ má bínú, Màmá. Èmi ni mo mú ẹ̀rọ wá."

"Dìde, jàre. Kí ni ẹ̀rọ ṣe? Omi lẹ rán an, omi ló gbé wá. Omi dé ilé, ọ̀rọ̀ kù sódò. Ẹ̀yin lẹ ò padà lọ gbé e."

Ìyùnadé rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ohun èlò a máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ a máa gbé iṣẹ́ mìíràn sínú, èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ lórúkọ rí.

Wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe. Kò sẹ́ni tó padà sí omi rírù. Ṣùgbọ́n wọ́n ro ọ̀nà odò, wọ́n sì ń kó aṣọ lọ fọ̀ níbẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Ẹni tí wọn ò bá rí, wọn a wá a délé. Màmá Àwẹ̀ró fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ibẹ̀, ó sì ń bá àlọ́ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà ni ará Ìdóyè kì í fi òwe yìí bú ohun tuntun. Bí wọ́n bá ti ní, "Omi dé ilé, ọ̀rọ̀ kù sódò," ẹni tí wọ́n pa á fún a dìde, a sì lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀.