Ìgbín Ra Ọwọ́ Kẹ̀kẹ́

Lágboolé wa, ẹni tó bá kẹ́yìn nínú eré kẹ̀kẹ́ ọdọọdún tí a fi ń gun òkè, àwọn ìyàwó ilé ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Ìgbín ni wọ́n sọ Oyèkànmí.

Kí orúkọ náà lè kúrò lára rẹ̀, ó fẹ́ ra kábọ́ọ̀nù, ohun dúdú tó le bí irin tó sì fúyẹ́ bí ìyẹ́, sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Agbára rẹ̀ ò ká ju ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lọ.

Morádékẹ́ aya rẹ̀ ní, “Bàbá Bólú, rìmù ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ rà. Ti ẹ̀yìn yẹn ti wọ́, ó ń ha bíréèkì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.”

“Ta ló ń wo rìmù? Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ laráyé ń rí!”

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló rà.

Lọ́jọ́ eré, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń mumi lórí òkè kó tó dé, tí rìmù rẹ̀ ń han gooro. Ó fi ọwọ́ kan gbé kẹ̀kẹ́ sókè: “Ẹ wò ó, ó mà fúyẹ́ o!”

Ìyálé ilé ní, “Ó fúyẹ́, ọkọ wa. Ṣé gbígbé la ní kẹ́ ẹ gbé e ni, àbí gígùn?”

Wọn ò gba Ìgbín lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbín Oníkábọ́ọ̀nù ló dà, Morádékẹ́ ló sì kọ́kọ́ fi pè é wá jẹun.