Búrẹ́dì Olóyin Àrínpé

Bí mo bá purọ́, kí ẹnu mi wọ́. Ó dáa, kó wọ́ díẹ̀.

Àrínpé, tó ń po ìyẹ̀fun nílé-iṣẹ́ búrẹ́dì ńlá kan, lálàá búrẹ́dì olóyin àti atalẹ̀ tó ń ta sánsán bí òjò àkọ́rọ̀. Ó jí, ó ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

"Bí atalẹ̀ yìí bá lé oníbàárà ńkọ́?" Wọ́n yọ ọ́.

"Bí oyin bá bà wá lórúkọ jẹ́ ńkọ́?" Wọ́n yọ ọ́.

Búrẹ́dì àtijọ́ ló dé iwájú ọ̀gá àgbà. "Áà, nǹkan tuntun rèé!" ni baba wí.

"Ẹ má bínú, sà," ni Àrínpé fèsì, "ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ń ṣe tirẹ̀ nílé. Láàárọ̀, nínú ìkùukùu, èrò ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ojú àlá. Ọ̀gá àgbà náà tò.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn nirọ́: awakọ̀ rẹ̀ ló rán.