Ààlè tí Láwóyìn tú kúrò lẹ́nu kànga

“Níbi tí mo bá wà, kànga wa kò lè pa ẹnikẹ́ni!” Láwóyìn, alága àdúgbò, ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀. Wolé-wolé ti yẹ omi náà wò, ó bá àrùn onígbáméjì níbẹ̀, ó sì fi màrìwò pààlè sẹ́nu kànga.

“Alága, ẹ jẹ́ á kéde fáráàlú,” ni wolé-wolé wí.

“Kéde kẹ̀? Nígbà tí ọdún ìlú ku ọ̀la? Ṣé kí àlejò sá padà ni? Ẹ jẹ́ á jó tán ná!”

Bó ṣe lọ tú màrìwò dànù nìyẹn. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá, kí ọ̀rọ̀ má baà jò. Omi inú ọ̀rá lòun ń mu ní tirẹ̀. Ó ní òùngbẹ alága yàtọ̀.

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ìyá Láwóyìn ti oko wá ṣọdún. Ìyàwó ilé kúnlẹ̀, ó fi omi kànga tútù pàdé ìyá ọkọ rẹ̀, bí ìyàwó rere ti í ṣe.

Nígbà tí ọdún fi parí, ìyá kò lè dìde mọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

“Ọmọ mi, ṣé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé omi yẹn ti bàjẹ́ ni?”

Láwóyìn fi ṣíbí bu omi oníyọ̀, ó rọra gbé e sí i lẹ́nu.