Owó Oníbodè àti Ìyáálé Òjòwú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, n ò gbọ́ ohùn yín. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò gìdì, ó fò gàdà, ó balẹ̀ sí agbo ilé Ọdẹ́jìnmí oníbodè, ó sì lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá Àwẹ̀ró. Bùsọ́lá, gbé iṣu ẹnu rẹ mì kí o lè gbè é dáadáa.

Ní ìlú Agbọ́nràn, Ọdẹ́jìnmí ló ń ṣọ́ ibodè ọba. Ìyàwó méjì ló ní. Àwẹ̀ró ni ìyáálé, ọmọ márùn-ún ló bí. Ìbídùn ni ìyàwó kékeré, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ọdẹ́níyì lorúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Ìbídùn ti wọlé ni Àwẹ̀ró ti ń jowú. Bí Ìbídùn bá rẹ́rìn-ín, Àwẹ̀ró á ní òun ló ń rín. Bó bá dákẹ́, á ní ìgbéraga ló ń ṣe é. Bí ọkọ wọn bá ra iyọ̀ wálé, Àwẹ̀ró á wọn tirẹ̀, á wọn ti orogún, á tún padà wọn tirẹ̀. Ẹ mọ̀ pé òjòwú ò lẹ́ran láyà. Àwẹ̀ró gbẹ bí igi ìdáná.

Ààfin ní àṣà kan. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ oníbodè, wọ́n ń bá a fi pamọ́ di ọjọ́ tó máa fẹ̀yìn tì. Bí ikú bá ṣáájú ìfẹ̀yìntì, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni owó náà. Ikú sì ṣáájú. Lọ́jọ́ kan, Ọdẹ́jìnmí ṣubú gbì lẹ́nu ibodè, kò dìde mọ́.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, Baba Ọdẹ́rìnú, olórí ẹbí, pe àwọn opó méjèèjì.

"Ààfin ti ránṣẹ́ pé owó Ọdẹ́jìnmí ti délẹ̀. Ìdí igi la ó fi pín in, bí àwọn baba wa ti ń ṣe é. Ìyàwó méjì, ọ̀nà méjì. Ó parí."

Àwẹ̀ró fò dìde. "Baba! Ọmọ márùn-ún rèé, ẹ wá ń fi wọ́n wé ẹyọ kan?"

"Orí ọmọ kọ́ là ń kà, Àwẹ̀ró. Ìyàwó là ń kà."

Ọ̀rọ̀ náà ká Àwẹ̀ró lára. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ̀. Ó jókòó sídìí ààrò, ó ń kọrin:

Ọmọ márùn-ún ni mo bí o,
*Ìdí igi o, ìdí igi!*
Ọ̀kan péré lorogún bí,
*Ìdí igi o, ìdí igi!*
Wọ́n ní ká pín in dọ́gba,
*Ìdí igi o, ìdí igi!*
Ọ̀fun mi ò gbà á mì o,
*Ìdí igi o, ìdí igi!*

Ibi tó ti ń kọrin ló ti rántí ọdún tí ilẹ̀ gbóná, tí àìsàn gbòde kan. Lọ́dún yẹn, ọba ti gbogbo ibodè pa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde. Oníbodè tó bá fi ibodè sílẹ̀, gbogbo owó rẹ̀ di ti ààfin. Ṣùgbọ́n àárò ilé sọ Ọdẹ́jìnmí, ó gba ẹ̀yìnkùlé yọ́ wọlé, ó lo ọjọ́ mẹ́ta, ó sì padà. Àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì nìkan ló mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni oyún Ọdẹ́níyì dé.

Àwẹ̀ró pàtẹ́wọ́, pá! "Mo ti mú un!"

Gìrìgìrì, ó di ààfin. "Kábíyèsí o! Ọmọ tí orogún mi fẹ́ fi gba owó kì í ṣe ọmọ ọkọ mi. Ọdún tí ilẹ̀ gbóná ló lóyún rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti ibodè. Ọdẹ́jìnmí ò fẹsẹ̀ kan ilé lọ́dún náà!"

Ọba ránṣẹ́ pe gbogbo ẹbí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ààfin kún fọ́fọ́.

"Ìbídùn, kí lo rí sọ?"

Ìbídùn wo ìyáálé rẹ̀, omijé lé ròrò sí i lójú. Bó bá ní ọkọ òun wálé, owó ti lọ. Bó bá dákẹ́, ọmọ rẹ̀ di ọmọ àlè. Ó dákẹ́. Inú Àwẹ̀ró dùn ṣìnkìn. Ó tún gbé orin:

Ọkọ mi ò wálé lọ́dún náà,
*Ìdí igi o, ìdí igi!*
Ọmọ àlè ò gbọdọ̀ jogún,
*Ìdí igi o, ìdí igi!*

"Ṣé o lè búra?" ni ọba wí.

"Kábíyèsí, ẹ̀ẹ̀méje ni mo lè bú u!"

Wọ́n gbé irin wá. Àwẹ̀ró fẹnu kàn án, ó búra.

Ni Ọ̀tún, ìjòyè ọba, bá ní, "Ó dáa. Kí àwọn ọmọ tó ni owó bọ́ síta."

Ọmọ márùn-ún Àwẹ̀ró jáde. Àlàó, àbígbẹ̀yìn wọn, lọ dúró ti Ọdẹ́níyì. Wọ́n ga dọ́gba. Ọ̀tún wò wọ́n títí.

"Ìwọ, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Ọdún méjìlá, Baba. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí èmi àti Ọdẹ́níyì. Èmi láàárọ̀, òun lọ́sàn-án."

Ẹnu Àwẹ̀ró là, kò lè pa á dé. Ó ti ń ka oṣù ọmọ ọlọ́mọ láti àná, kò rántí ka ti ọmọ tirẹ̀.

Àlàó yíjú sí i. "Ìyá mi, ta ni bàbá mi?"

Àwẹ̀ró wo ọba, ó wo irin, ó wo ọmọ. Ó ṣubú lulẹ̀, gbàgà! "Ọdẹ́jìnmí ni! Mo purọ́, Kábíyèsí! Ó wálé! Ọjọ́ mẹ́ta ló lò, òun ló ni àwọn méjèèjì!"

Ọba mirí. "Bó bá wálé, ó fi ibodè sílẹ̀. Òfin ò mọ opó, kò mọ ọmọ òrukàn. Ẹ dá owó padà sínú àká ìṣúra ààfin."

Báyìí ni wọ́n ṣe lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ní ọ̀nà, Ìbídùn ní, "Ìyáálé mi, ọdún méjìlá ni mo fi pa ẹnu mọ́. Mo rò pé ẹ̀yin náà fẹ́ kí àwọn ọmọ wa jẹun ni."

Nígbà tí wọ́n délé, Àlàó ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀ yàrá ìyá rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ, Àlàó?"

"Yàrá Ìyá Ọdẹ́níyì. Ìyá mi, ẹ ò fẹ́ kí ẹnì kan jẹ, ẹ wá gbà á lẹ́nu ẹni mẹ́fà."

Ó lọ. Àwẹ̀ró nìkan ló kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àlọ́ mi ti jókòó síbẹ̀ yẹn, kò ní dìde mọ́. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹnu mi má lè fẹ́ná láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó kọ́ wa ni pé ká má ṣe jowú ohun tí Ẹlẹ́dàá fún ẹlòmíì, ká má sì torí ogún ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.