Ọkọ̀ Akẹ́rù Tó Wà Lábẹ́ Ọkọ̀ Ìràwọ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ káfíńtà, àmọ́ kì í ṣe àga tàbí ibùsùn ló ń kàn. Bọ́dì ọkọ̀ akẹ́rù ni iṣẹ́ tirẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ wá bá a, irin ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti táyà nìkan ló máa ń wà lára rẹ̀; ìhòòhò ni ọkọ̀ náà máa ń dé. Òun ni yóò fi pákó ìrókò wọ̀ ọ́ láṣọ, tí yóò kan ilé awakọ̀ síwájú, tí yóò sì kan ẹ̀gbẹ́ àti ìdí rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá di kòkó kún inú rẹ̀ dẹ́nu, pákó kan kò ní dún. Lẹ́bàá títì márosẹ̀ ni ìlú rẹ̀ wà, kò sì sí awakọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá tí kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, nítorí pé pákó tó máa ń kàn sókè orí awakọ̀ máa ń yọ síwájú díẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Káfíńtà mìíràn kò lè tẹ pákó bẹ́ẹ̀ kó má fọ́.

Àṣà kan wà nínú iṣẹ́ náà. Káfíńtà kì í kọ orúkọ sára ọkọ̀. Ayàwòrán tó bá kun ọkọ̀ ní ọ̀dà, tó ya kìnnìún sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì kọ àdúrà sí i lídìí, òun ló máa ń kọ orúkọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá a, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Káfíńtà yìí kò bínú sí i rí, títí di ọdún tí ayàwòrán kan ní ìlú náà gbé ọkọ̀ ìràwọ̀ dé.

Ayàwòrán yìí ti fìgbà kan rí máa ń kun ọkọ̀ tí káfíńtà bá kàn. Káfíńtà jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n ló sì máa ń pè é. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn sínú ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kan, ìtàn àwọn èèyàn tí wọn kò tíì bí, tí wọ́n kó ara wọn sínú ọkọ̀ kan, tí wọ́n ń ti orí ìràwọ̀ kan bọ́ sórí òmíràn. Arékọjá lorúkọ ọkọ̀ náà. Gbogbo ìlú ń ka ìtàn yìí. Àwọn tí kò mọ̀wé ń bẹ àwọn tó mọ̀wé pé kí wọ́n kà á fún àwọn. Nígbà tó ṣe, ẹni tó ni ilé ìkẹ́rùsí kòkó gbọọrọ tó wà lẹ́bàá títì ní kó wá ya Arékọjá sára ògiri òun, kí èrò ọ̀nà máa rí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi yà á. Lọ́jọ́ tó parí, ìyá arúgbó kan dúró síwájú ògiri, ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, ó dára o. Ṣé áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ni?" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ àwọn náà kò mọ bí ọkọ̀ náà ṣe tóbi tó. Ọ̀kan ní ó lè tó bọ́ọ̀sì. Òmíràn ní ó ṣeé ṣe kó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ayàwòrán gbọ́, inú rẹ̀ bàjẹ́. Nínú ìtàn rẹ̀, tí wọ́n bá gbé bàálù tó ń kó àwọn èèyàn lọ sí Mẹ́kà lé apá Arékọjá, yóò dà bí eṣinṣin. Tí ọkọ̀ ojú irin bá ki orí bọ ihò èéfín rẹ̀, yóò wọlé tòun ti gbogbo ohun tó ń wọ́ tẹ̀lé e, àyè á sì tún kù. Tí wọ́n bá sì to ọkọ̀ akẹ́rù, imú ọ̀kan sí ìdí èkejì, láti orí rẹ̀ dé ìrù rẹ̀, irínwó ni yóò gbà.

Ọjọ́ kejì, ó mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ó ya ọkọ̀ akẹ́rù kan sí ìsàlẹ̀ ògiri, lábẹ́ ikùn Arékọjá. Ọkọ̀ náà kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó ní ilé awakọ̀, ó ní táyà, pákó orí rẹ̀ sì tẹ̀. Nígbà tí ìyá arúgbó náà ń kọjá padà, ó rí ọkọ̀ akẹ́rù yìí. Ó gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀ láti ibẹ̀ títí dé orí ògiri, ó sì wá ibì kan jókòó sí. Láti ọjọ́ náà ni èrò ti ń wọ́ wá síbẹ̀.

Káfíńtà wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó gbọ́. Ẹni tó sọ ọ́ fún un kò ní ibi lọ́kàn. Ó ní, "Wọ́n ti ya mọ́tò yín sábẹ́ ọkọ̀ ojú ọ̀run o. Ó wá kéré bí èèrà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó lọ wò ó. Òdìkejì títì ló dúró sí, kò sún mọ́ ọn. Ó rí ọkọ̀ ńlá tó gba gbogbo ògiri, ó rí àwọn èèyàn tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀, ó sì rí iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àwọn ewúrẹ́ ti máa ń fi ara ha ògiri. Owú jẹ ẹ́. N kò ní pè é ní nǹkan mìíràn fún ọ: owú ni, ògidì rẹ̀. Ogún ọdún ló ti fi ń kan ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù gidi lọ síbi gidi. Èyí tí wọ́n ń wò yìí kò gbé àpò iṣu kan rí, kò sì ní ìṣó kan ṣoṣo lára.

Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ibi yòówù kó jókòó sí, Arékọjá ló ń bá wí. Nílé onígbàjámọ̀, ó ń bèèrè pé ibo ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ti ṣẹ́rí padà. Níbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu, ó ní gbogbo igbó tó wà láti ibẹ̀ dé Oǹdó kò lè mú pákó tí wọ́n máa fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nìkan jáde. Ó ní tó bá bàjẹ́ sọ́nà, ta ni yóò fi jáàkì gbé e? Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ẹni tí inú ń bí, tí wọ́n ń bá rẹ́rìn-ín, ìyà rẹ̀ di méjì. Ó mú okùn, ó lọ wọn ògiri. Ó wọn ọkọ̀ kékeré náà pẹ̀lú ìka. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó wọn ọkọ̀ gidi, ó sì ṣírò gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn pákó kan, kó lè rí ibi tí ayàwòrán ti parọ́. Irínwó ni. Ìṣirò náà gún régé, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Mosún, ojú ọ̀run tó ẹyẹ́ fò láì fara kan ara wọn. Ọkọ̀ tí kò sí láyé lẹ ń bá jà yìí o."

Ó ní, "Àwọn tó ń wò ó wà láyé."

Ní àkókò yìí, iṣẹ́ ti ń wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń ra tírélà onírin. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ ìròyìn kan ń jà kiri pé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ìlú kan tó jìnnà ra ọkọ̀ méjìlá, pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò kan bọ́dì sí i. Tí iṣẹ́ yìí bá bọ́ sí káfíńtà lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò dúró. Tí kò bá bọ́ sí i lọ́wọ́, yóò tì í pa. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń gbàdúrà sí i láràárọ̀. Láàárín àdúrà náà ni yóò rántí Arékọjá, tí àdúrà yóò sì já.

Nígbà tó di ọjọ́ Sunday kan, tí gbogbo àdúgbò ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó da ọ̀dà dúdú díẹ̀ sínú agolo mílíìkì, ó sì lọ síbi ògiri náà. Dúdú ni ayàwòrán kun ojú òfurufú tó yí Arékọjá ká, nítorí náà ọ̀dà rẹ̀ bá a mu. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ kò súnmọ́ ọkọ̀ kékeré náà tó báyìí rí. Ó rí i pé ayàwòrán ya pákó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó fi dórí ìṣó. Ó rí pákó orí tó tẹ̀, bó ṣe tẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó yà á yìí ti jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti wò ó dáadáa. Ọwọ́ káfíńtà dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí ọ̀rọ̀ èèrà, ó sì pa á rẹ́.

Ní ọjọ́ Monday, Arékọjá ti súnkì. Àwọn tó kọ́kọ́ rí i lọ́jọ́ náà ní, "Ṣé tọ́ọ̀ṣì ni?" Káfíńtà gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó sì jẹun yó fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù kan.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ayàwòrán wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan ti pa mọ́tò yín rẹ́ lára ògiri."

Káfíńtà ní òun ti gbọ́.

Ayàwòrán ní, "Mo fẹ́ tún un yà. Ẹ jẹ́ n jókòó ti èyí tó wà nílẹ̀ yìí, kí n lè rí bí orí rẹ̀ ṣe tẹ̀. Tiyín ni mo mú níjọ́sí nítorí kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí gbogbo ayé bá mọ̀ la fi ń wọn ohun tí wọn ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún káfíńtà láyà. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Gbogbo àkókò tó fi rò pé wọ́n fi òun ṣẹ̀sín, òṣùwọ̀n ni wọ́n fi òun ṣe. Ọ̀nà ṣì wà. Kó sáà ní, "Wá jókòó," gbogbo rẹ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbé igbá owú lérí fún ìgbà pípẹ́, ọrùn rẹ̀ kì í tètè rọ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ là ń ṣe níbí. Mi ò ráàyè àwòrán."

Ayàwòrán dúpẹ́, ó sì lọ. Káfíńtà mìíràn wà ní ìparí ìlú. Pákó tirẹ̀ kì í tẹ̀, ọkọ̀ tó bá kàn sì máa ń ké lójú ọ̀nà bí ẹlẹ́dẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ kan ló wà nítòsí, òun ni ayàwòrán wò yà. Ó bọ́ síbẹ̀, àwọn èèyàn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí alága ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò fi dé. Níwọ̀n bí káfíńtà kì í ti í kọ orúkọ sára ọkọ̀, kò sí orúkọ tí àwọn awakọ̀ lè sọ fún un. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Tẹ́ ẹ bá dé ìlú yẹn, ẹ máa rí ògiri kan tí wọ́n ya ọkọ̀ ńlá sí. Mọ́tò kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń kan irú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá rí." Alága sọ̀kalẹ̀ níwájú ògiri. Ó wo òkè, ó mirí. Ó wo ìsàlẹ̀. Káfíńtà wà ní òdìkejì títì, níbi tó ti di àṣà fún un láti máa dúró.

Alága ké sí i. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yìí, ta ló ń kàn án?"

Ọkọ̀ méjìlá ló dúró síwájú rẹ̀ nínú ìbéèrè kan. Kó ní òun ni, wọ́n á wo pákó orí tí kò tẹ̀ tó wà lára ògiri, wọ́n á sì wo ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á pè é ní òpùrọ́. Kó ní wọ́n ti pa tòun rẹ́ ni, wọ́n á bi í pé ta ló pa á rẹ́. Ó na ọwọ́ sí ìparí ìlú, ó ní, "Ẹ máa lọ tààrà. Tẹ́ ẹ bá dé ilé epo, ẹ yà sọ́tùn-ún. Ṣọ́ọ̀bù kejì ni."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Àmọ́ ní ti ọjọ́ náà, gbẹ́nàgbẹ́nà fúnra rẹ̀ ló júwe ilé àkókó.

Oyèékànmí, o ti mọ ìdí tí mo fi pè ọ́. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ kọ ìwé ìtàn ìlú yìí. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo rẹ̀ kó tó jáde, orúkọ olùkọ́ náà sì gbòòrò lójú ìwé bí ẹnu ọ̀nà. Tìrẹ wà nísàlẹ̀ ojú ewé kejì, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, pé ìwọ lo yẹ gbogbo ọdún àti orúkọ inú rẹ̀ wò. Mo gbọ́ pé o ti kọ lẹ́tà sáwọn tí ń tẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, pé wọn kò lè fi ọ́ ṣe ìrù. Mo ti wo lẹ́tà orúkọ rẹ. Òótọ́ ni, ó kéré. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó wà nínú ìwé náà ṣeé gbà gbọ́, ibẹ̀ ni yóò wò, torí ìwọ ni gbogbo ìlú mọ̀ sí ẹni tí kì í sọ ohun tí kò bá dá lójú. Tí o bá yọ ọ́, ìwé yóò ṣì jáde. Wọ́n á wá orúkọ ẹlòmíràn fi síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí àlejò bá wá bèèrè ẹni tó mọ ìtàn ìlú yìí jù, ọwọ́ rẹ ni wàá fi júwe ilé onítọ̀hún fún un.

Owú ń jẹ ọ́. Má purọ́ fún mi, mo ti jẹ ẹ́ rí. Wọn kò tíì tẹ ìwé náà. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ilé ìtẹ̀wé máa ń ṣí. Kí wọ́n bá ọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́la, kí o gba lẹ́tà rẹ padà.