Bí Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò Ṣe Fi Iná Pàdé Iná ní Ìdíbẹẹrẹ

Iná tó fẹ́ jó Ìdíbẹẹrẹ run, àwọn ọmọ Ìdíbẹẹrẹ fúnra wọn ló dá a. Àwọn ọdẹ lọ sun igbó láti lé ọ̀yà jáde nígbà tí koríko ti gbẹ háúháú, ni atẹ́gùn ọyẹ́ bá gba iná náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Kó tó di ọ̀sán gangan, èéfín ti bo ìhà àríwá, òkété àti ẹtu sì ń sáré gba àárín ọjà kọjá láìwo ojú ènìyàn. Níbo ni àwọn ará ìlú ìbá sá sí? Àpáta gíga ló wà lẹ́yìn ìlú. Bẹẹrẹ, koríko tí wọ́n fi ń bo ilé, ló yí iwájú ìlú ká, ó ga ju ènìyàn lọ, ó sì sún mọ́ ògiri ìlú pẹ́kípẹ́kí. Èèwọ̀ sì ni sísun rẹ̀. Àwọn baba ńlá wọn ti fi lélẹ̀ pé ẹni tó bá fi iná sí i kò gbọdọ̀ sùn nínú ògiri Ìdíbẹẹrẹ mọ́ láéláé.

Àwọn ọkùnrin ń da omi sórí òrùlé. Èló ni omi inú ìkòkò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Àwẹ̀ró wò wọ́n, ó mi orí. Àgbà obìnrin ni, adálémosú ni, àwọn tí kò gbọ́n a sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ọmọ amọ̀kòkò, a-sunkòkò-má-fọ́kan, ti fi ogójì ọdún sun ìkòkò ní gbangba ìta. Ó mọ̀ pé iná ńlá a máa mí: bó bá sún mọ́ni tán, á fa atẹ́gùn iwájú rẹ̀ mọ́ra. Ó bu eérú sínú igbá, ó mú ògùṣọ̀, ó kọrí sí ibodè. Baálẹ̀ Ládéìndé, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá, sáré tẹ̀ lé e.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ fi ògùṣọ̀ ṣe?”

“Baálẹ̀, mo fẹ́ kó oúnjẹ kúrò níwájú iná kó tó dé.”

“Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Ẹ mọ òfin. Bí ẹ bá sun ún, èmi náà ni n ó lé yín jáde.”

“Ẹ lé mi. Bí gbogbo wa bá jóná tán, ta lẹ ó wá fòfin dè?”

Àwẹ̀ró bu eérú, ó jẹ́ kó dà sílẹ̀ láti ọwọ́. Atẹ́gùn gbá a padà sí i lójú. Iná ti ń hó bùù lókè odò gbígbẹ tó kọjú sí ibodè, ooru rẹ̀ ti ń ta á lára.

“Ìyá, ẹ finá ràn án!” Gbogbo ìlú ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

“Bí mo bá ràn án báyìí, ilé yín ni yóò kọ́kọ́ jó!”

Ó tún da eérú. Eérú náà tún padà. Ẹ̀rù bà á, ó sì ń rò ó bóyá ohun tí òun mọ̀ nídìí ìkòkò kò tó fún iná tó gbòòrò tó báyìí. Ooru ti ń wi irun ojú rẹ̀, ó sì ń rùn. Ó da ẹ̀kúnwọ́ kẹta. Eérú náà dúró díẹ̀ lójú òfuurufú, ó sì yí, ó lọ sọ́dọ̀ iná.

“Ó ti mí! Ẹ̀yin obìnrin, ó yá!”

Ó ki ògùṣọ̀ bọ bẹẹrẹ. Àwọn obìnrin sáré lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń ràn án lọ. Iná tuntun fò lọ pàdé iná àgbà, àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn, wọ́n bú ramúramù, nígbà tí wọn kò sì rí nǹkan jẹ mọ́, wọ́n kú. Òrùlé kan kò jó.

Baálẹ̀ dúró ní ibodè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ka òfin sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí. Àwẹ̀ró ká ẹní rẹ̀, ó lọ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ dúdú tó ṣì ń gbóná. Kò pẹ́, ìyàwó Baálẹ̀ gbé ẹní tirẹ̀ jáde. Àwọn aládùúgbò tẹ̀ lé e, gbogbo ìlú sì tẹ̀ lé wọn, tọmọtọmọ, tewúrẹ́tewúrẹ́. Baálẹ̀ ló jáde kẹ́yìn, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lórí.

Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ilẹ̀dúdú lónìí. Lọ́dọọdún, kí ọyẹ́ tó mú, àwọn obìnrin ibẹ̀ ni í sun koríko yí ìlú ká, ọkùnrin kan kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògùṣọ̀ títí ìyá àgbà yóò fi wí pé, “Ó ti mí.” Ní ti òfin àtijọ́, ẹnikẹ́ni kò fagi lé e. Ó ṣì wà ní Ìdíbẹẹrẹ. Òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀.